Rédíò inú àpótí ní Ganhi: bí a ṣe ń tò ó, àti ìlò rẹ̀ nígbà tí nẹ́ẹ̀tì bá dá



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, mẹ́rin nínú àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Àbíjàn: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó fara gbá a lé ní mẹ́wàá, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú wọn. Ẹ wo Ganhi tiwa yìí ní Kútọnu: báńkì nìyí, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù ojú omi nìyẹn, pọ́ọ̀tù kò jìnnà, ọjà wà láàárín wọn. Nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn gbára lé. Tó bá dá, ọ̀rọ̀ á há síni lọ́fun.

Omi náà ń ṣe tiẹ̀. Ní ọdún 2010, omíyalé dé kọ́múùnù 55 nínú 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ènìyàn (680,000) ló sì kàn. Nígbà irú èyí, iná lè lọ, òpó tẹlifóònù lè dákẹ́, ojú ọ̀nà lè dí. Rédíò kan wà tí kò nílò okùn abẹ́ òkun, tí kò nílò òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tí kò sì dúró de iná SBEE. Èèyàn lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, kó gbé e lé itan lórí zémìjàn, kó sì máa bá Paraku tàbí Paríìsì sọ̀rọ̀ níbi tó bá gúnlẹ̀ sí. Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: kì í ṣe owó tí a fi ra ẹ̀rọ ló ń sọ àpótí yìí di ohun iyebíye. Bí ẹni tó ni ín bá lè ṣí i, kó ta áńtẹ́nà, kó sì sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àpótí rẹ̀ dára. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù lásán ló rà.

Ta ni radioamateur?

Radioamateur ni ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti fi rédíò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sọ̀rọ̀, kó fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, kó sì fi wádìí bí ìgbì rédíò ṣe ń rìn. Kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí rẹ̀. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní «ham». Kì í ṣe rédíò tí à ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí à ń wí yìí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá yín lóhùn.

Ganhi, ìlú ìṣòwò! Nítorí náà a ní láti là á mọ́lẹ̀: ẹ kò gbọ́dọ̀ fi rédíò yìí dúnàádúrà ẹrù, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi èdè àṣírí bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹni tó fẹ́ rédíò fún òwò, ìwé àṣẹ mìíràn ni yóò lọ gbà.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú

Ní Bẹ̀nẹ̀, ARCEP ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò, òfin tó sì rọ̀ mọ́ ọn ni òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique. Ẹ lọ bá ARCEP kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, kí ẹ má ṣe rà á tán kí ẹ tó máa wá àṣẹ. Ẹ béèrè bí a ṣe ń gba àṣẹ, ẹ béèrè bóyá wọ́n gba irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà láàyè, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò ní ìwé lè há sí ọwọ́ dúànì ní pọ́ọ̀tù.

Ẹni tó bá gba àṣẹ ni wọn yóò fún ní àmì ìpè. Àmì yìí ni orúkọ yín lórí afẹ́fẹ́. Ti Bẹ̀nẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TY, ti Tógò pẹ̀lú 5V, ti Nàìjíríà pẹ̀lú 5N, ti Gánà pẹ̀lú 9G, ti Nìjẹ̀r pẹ̀lú 5U. Ẹ̀yin ará wa tó ń ti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ẹ gbọ́ o: ìwé àṣẹ Nàìjíríà nìkan kò tó láti sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ gba àṣẹ ibí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọ́n ń yọ wá lẹ́nu tó báyìí? Àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà tirẹ̀. Láti Ganhi, pọ́ọ̀tù wà nítòsí, pápákọ̀ òfúrufú Cadjèhoun kò sì jìnnà. 156.8 MHz ni àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Àárín 118 sí 137 MHz ni àwọn awakọ̀ òfúrufú ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn rédíò ọwọ́ kéékèèké olówó pọ́ọ́kú wà lọ́jà tó lè sọ̀rọ̀ láti 136 dé 174 MHz láìsí ìdènà. Ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ tẹ bọ́tìnì níbi tí kò yẹ, ó lè bo igbe ẹni tó ń rì sómi mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé àṣẹ fi wà.

Àpótí fúnra rẹ̀

Ẹ wá àpótí tí omi kò lè wọ̀, tó ní rọ́bà yí ètí rẹ̀ ká. Àwọn tí wọ́n fi ń kó kámẹ́rà dára gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Àpótí irinṣẹ́ oníke tó nípọn náà yóò ṣiṣẹ́. Kó má ṣe tóbi ju èyí tí èèyàn kan lè gbé gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta láì sinmi. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti kọjá kílò mẹ́wàá, ẹ yọ nǹkan kan kúrò.

Ẹ má ṣe lu ihò sára àpótí. Ihò kan ṣoṣo tí ẹ bá lù ni omi yóò gbà wọlé. Ẹ ní kí káfíńtà gé pákó fẹ́lẹ́ kan tó bá inú rẹ̀ mu, kí ẹ fi bóòtù de rédíò, bátìrì àti àwọn nǹkan yòókù mọ́ pákó náà, kí ẹ sì gbé pákó jókòó sórí fóòmù. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ó fa pákó yọ lódindi, ẹ ó sì rí ibi tó ti bàjẹ́. Ọ̀nà wa ní gọ̀tà, zémìjàn sì máa ń fò: bóòtù tí kò ní wáṣà tó ń dì í mú yóò tú kí oṣù tó parí.

Rédíò wo ni ká rà?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ alágbára 100 wáàtì. Yaesu FT-891 jẹ́ àpẹẹrẹ: kò wúwo tó kílò méjì, ṣùgbọ́n ó lè fa ámpéà 23 nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré bíi Xiegu G90: 20 wáàtì, nǹkan bíi kílò kan, kì í fà ju ámpéà 8 lọ, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń bá áńtẹ́nà mu nínú ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á sáré mú 100 wáàtì. Àwa ò bá wọn mú un fún àpótí àkọ́kọ́. Láti 20 sí 100 wáàtì, ohùn yín á fi nǹkan bí 7 decibel lágbára sí i. Ẹni tó ń gbọ́ yín á mọ̀ ọ́n lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì yín á tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta, ooru á pọ̀, àpótí á sì di èyí tí a ń fi sílé nítorí pé ó wúwo. Áńtẹ́nà tó dára lórí 20 wáàtì sàn ju áńtẹ́nà burúkú lórí 100 lọ. Ẹ fi rédíò ọwọ́ kan kún un fún ọ̀rọ̀ àárín ìlú, láàárín 144 sí 146 MHz.

Bátìrì: ẹ jẹ́ ká ṣírò

Bátìrì lithium irú ti LiFePO4 la yàn. Wọ́n ń kà á sí vólìtì 12.8. Tó bá jẹ́ ámpéà-wákàtí 20, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò méjì ààbọ̀ lọ. Bátìrì olómi ásíìdì tó jẹ́ iye kan náà tó nǹkan bíi kílò mẹ́fà, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan sì ni ó yẹ kí ẹ lò kó má baà tètè kú.

Ẹ ká ní ẹ ń lo ẹ̀rọ kékeré yẹn. Tí ẹ bá ń gbọ́, ó ń fa bíi ìdajì ámpéà. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fi ámpéà 4 ṣe ìdíwọ̀n, torí pé ohùn èèyàn kì í ké tantan nígbà gbogbo. Tí ẹ bá ń gbọ́ fún ìpín mẹ́rin nínú márùn-ún, tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ fún ìpín kan, ó já sí ámpéà 1.2 lápapọ̀. Ẹ lo 16 nínú 20 tó wà nínú bátìrì, kí ìyókù jẹ́ ti pàjáwìrì. 16 pín sí 1.2, ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Láti àárọ̀ dé alẹ́ nìyẹn.

Sólà 50 wáàtì lè fún yín ní ámpéà méjì ààbọ̀ nínú oòrùn gangan. Wákàtí márùn-ún oòrùn tó mú, ẹ ti gba púpọ̀ nínú ohun tí ẹ lò láti àárọ̀ padà. Kìkì pé àwọn ẹ̀rọ kan tó ń darí sólà máa ń pariwo sínú rédíò. Ẹ dán an wò kí ẹ tó san owó: ẹ tan rédíò, ẹ so sólà mọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ bóyá ariwo pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ ṣọ́ra. Bátìrì tí a sọ yìí jẹ́ 256 watt-wákàtí. Láti 100 sí 160 lẹ nílò ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Èyí tó ju 160 lọ, wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé e wọlé.

Wáyà àti fíúsì

Ibí yìí ni àpótí púpọ̀ ti ń kú. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fa ámpéà 20, tí ẹ bá fi wáyà tínínrín 1.5 mm² so ó, tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà méjì, yóò pàdánù bí ìdajì vólìtì lójú ọ̀nà. Wáyà 6 mm² á pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá vólìtì péré. Ẹ̀rọ kékeré kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kúkú lo èyí tó nípọn.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Tí wáyà bá bó láàárín méjèèjì, fíúsì tó wà lápá rédíò kò lè gbà yín. Bátìrì lithium tí wáyà rẹ̀ kan ara wọn lè dáná sun àpótí nínú yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ lo ìdè Anderson Powerpole ní gbogbo ibi tí a ti ń so wáyà iná: kò ṣeé so ní òdì, kódà nínú òkùnkùn.

Áńtẹ́nà: ọ̀rọ̀ gan-an rèé

Áńtẹ́nà tó rọrùn jù ni wáyà méjì tí a ta sí apá ọ̀tún àti òsì, tí okùn coaxial ń bọ̀ láti àárín wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ pín 142.5 pẹ̀lú fíríkúẹ́ńsì ní MHz, ẹ ó rí gígùn gbogbo rẹ̀ ní mítà. Fún 7.1 MHz, ó jẹ́ mítà 20, ìyẹn mítà 10 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e gùn díẹ̀, kí ẹ wá máa dín in kù títí ẹ̀rọ yóò fi fi hàn pé ó ti bá a mu.

Igi kò pọ̀ ní Ganhi, òrùlé ló pọ̀. Ẹ lọ sórí dáàlì ilé, kí ẹ fi ọparun mítà mẹ́fà gbé àárín wáyà sókè, kí ẹ sì fi okùn ọ̀rá so orí méjèèjì mọ́ ibi tó lágbára. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó gbé ọ̀pá: wáyà SBEE wà níbi gbogbo, ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá kàn án kò ní sọ ìtàn rẹ̀. Kí ààyè tó wà láàárín yín àti wáyà iná ju ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá yín lọ. Tí àrá bá ń sán, ẹ yọ áńtẹ́nà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ìṣòro mìíràn ni ariwo. Jẹnẹrétọ̀, ṣájà fóònù, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, gbogbo wọn ló ń tú ariwo sí afẹ́fẹ́ àárín ìlú. Ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ ìwúlò àpótí: ẹ gbé e, ẹ kọrí sí etíkun Fidjrossè, ẹ ó rí i pé ariwo á lọ sílẹ̀. Omi iyọ̀ tún máa ń ran áńtẹ́nà tó dúró ṣánṣán lọ́wọ́ láti ju ìgbì jìnnà lórí òkun.

Ìgbì wo ló ń lọ síbo?

Àjàṣẹ́ tó wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, 145 MHz lè dé ibẹ̀ bí áńtẹ́nà bá ga dáadáa. Kétu, Ṣábẹ àti Paraku jìnnà ju ìyẹn lọ. Ìgbì 7 MHz la ń lò lọ́sàn-án: ẹ ta wáyà sílẹ̀ díẹ̀, mítà mẹ́rin sí mẹ́fà péré, ìgbì á lọ sókè tààrà, ojú ọ̀run á dá a padà sórí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bí òjò. Lálẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 3.5 MHz, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo àrá ilẹ̀ olóoru pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Paríìsì, èyí á dùn mọ́ yín: Kútọnu àti Paríìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti àríwá sí gúúsù. Kútọnu wà ní ìwọ̀n 2.4 sí ìlà-oòrùn, Paríìsì sì wà ní 2.35. Nítorí náà, wáyà 14 MHz tí ẹ bá ta láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, bí etíkun wa ṣe lọ, Paríìsì gan-an ló kọjú sí.

Fún pàjáwìrì, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn radioamateur, IARU, ti ya àwọn ibi kan sọ́tọ̀ fún ìpàdé: 3.760 àti 7.110 MHz fún agbègbè tiwa, 14.300, 18.160 àti 21.360 fún gbogbo ayé. Ẹ kọ wọ́n sínú ìdérí àpótí. Ẹ kọ JJ16 náà sí i, torí pé orúkọ tí àwọn radioamateur ń fi pe agbègbè Kútọnu lórí máàpù wọn nìyẹn.

Iyọ̀, ooru àti òjò

Afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin ní Ganhi. Ẹ fi àpò kéékèèké tó ń mu ọ̀rinrin sínú àpótí, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi kìríìsì díẹ̀ pa ojú ìdè áńtẹ́nà tó ń wà níta. Ẹ má ṣe pa àpótí dé nígbà tí rédíò bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì ṣe fi sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn: ooru ni ọ̀tá bátìrì tó burú jù.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí nínú rẹ̀

– Rédíò, gbohùngbohùn àti ohun ìgbọ́rọ̀ etí;
– Bátìrì, ṣájà, fíúsì mẹ́ta tó ń dúró dè yín;
– Áńtẹ́nà, mítà 15 okùn coaxial, okùn ọ̀rá, téèpù;
– Ìwé àṣẹ, ẹ̀dà rẹ̀ nínú ọ̀rá;
– Ìwé àti pẹ́ńsù, aago, tọ́ọ̀ṣì orí;
– Síkúrù-díráfà, ọ̀bẹ, pílààsì.

Pẹ́ńsù, kì í ṣe bíìrò. Pẹ́ńsù ń kọ̀wé lórí ìwé tó tutù.

Ẹ dán an wò lóṣooṣù

Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, àwọn radioamateur láti Íńdíà gbé rédíò wọn lọ sí Port Blair ní erékùṣù Andaman. Bharathi Prasad ló ṣáájú wọn. Ìfẹ́ iṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ti sí radioamateur lórí erékùṣù náà, gbogbo ayé sì fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 26, ilẹ̀ mì, omi òkun sì ya wọ ilẹ̀. Tẹlifóònù dákẹ́. Rédíò tí wọ́n gbé wá fún ìgbádùn ni wọ́n fi ń kéde ẹni tó wà láàyè fún àwọn ẹbí tó ń sunkún lórí ilẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ pé omi ń bọ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ni. Wọ́n mọ ẹ̀rọ wọn, wọ́n mọ ibi tí áńtẹ́nà ti ń gbọ́ dáadáa, wọ́n sì ní àwọn tó ń dúró láti gbọ́ wọn.

Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pa iná ilé, ẹ pa fóònù, ẹ gbé àpótí gun òrùlé, kí ẹ sì wo aago. Ìṣẹ́jú mélòó kí ẹnì kan tó dá yín lóhùn? Tó bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ wá ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ yín mọ bí a ṣe ń tò ó pẹ̀lú, kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó ní àṣẹ ni yóò tẹ bọ́tìnì. Àwọn baba wa ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Okùn abẹ́ òkun tún lè já lọ́la, omi sì tún lè ya. Kí ó bá àpótí tiwa ní ìmúrasílẹ̀.